Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin Ṣe Lè Gbé Ẹjọ́ Tálákà Láti Agodi Dé Orí Tábìlì Lọ́yà

Ọdọọdún la máa ń rí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sí fellowship ìrànwọ́ òfin á múra, wọ́n á lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi n'Íbàdàn, wọ́n á bá ogún ènìyàn sọ̀rọ̀ láàárín wákàtí mélòó kan. Omi á bọ́ lójú àwọn kan nínú wọn. Nígbà tí wọ́n bá dé, lọ́yà á bi wọ́n pé, "Nọ́ńbà ẹjọ́ ńkọ́? Kóòtù wo? Ìgbà wo ni wọ́n sún un sí?" Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn. Orúkọ ni wọ́n kó wálé, wọn ò kó ẹjọ́ kankan wálé, ogún ènìyàn yẹn á sì wà níbi tí wọ́n wà.

Ẹjọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká jọ gbé níbí: ẹni tó wà látìmọ́lé tó ń retí ìgbẹ́jọ́, tí kò lówó lọ́yà. A ó gbé e láti ẹnu ara rẹ̀ títí yóò fi di fáìlì tí lọ́yà lè mú lọ sí kóòtù. Ìmọ̀ òfin tí ìwọ̀nyí ń gbà ò pọ̀. Ọjọ́, nọ́ńbà àti ẹsẹ̀ rírìn ló pọ̀ níbẹ̀.

Ohun tí o gbọ́dọ̀ ní kí o tó jáde nílé

- Lọ́yà kan tó gbà láti máa bójú tó iṣẹ́ rẹ.
- Lẹ́tà tí lọ́yà náà tàbí ilé ẹ̀kọ́ rẹ kọ sí ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n, àti káàdì ìdánimọ̀ rẹ.
- Ẹnì kejì. Ẹnì kan á máa béèrè, ẹnì kejì á máa kọ. Ẹni tó bá ń ṣe méjèèjì kì í gbọ́ nǹkan kan.
- Ìwé ńlá kan, bírò méjì. Má gbójú lé fóònù, torí ẹnu géètì ni yóò wà.
- Kàlẹ́ńdà ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí a tẹ̀ sórí pépà. Àǹfààní rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.
- Owó ọkọ̀ láti Agodi dé Ìyágànkú, níbi tí kóòtù májísíréètì wà, ní àlọ àti àbọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán.

Ní ti aṣọ, fi ẹ̀wù dúdú àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí lọ́yà ń wọ̀ sílé. Ẹni tó wà ní àtìmọ́lé tó bá rí ọ bẹ́ẹ̀ á rò pé lọ́yà òun ti dé, ọ̀rọ̀ tó bá sì sọ fún ọ lọ́jọ́ náà, kò ní tún un sọ fún lọ́yà gidi mọ́.

Ìpele 1: Wá ẹni tó máa dúró lé ọ lórí

Akẹ́kọ̀ọ́ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìde ní kóòtù Nàìjíríà kó ní òun ń gbẹjọ́ rò fún ẹnikẹ́ni, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fẹ́ gbé síwájú adájọ́. Kódà ẹni tó ti gboyè ní yunifásítì ò tíì lè ṣe é títí yóò fi parí Law School tí wọ́n á sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò. Nítorí náà, bí kò bá sí lọ́yà lẹ́yìn rẹ, gbogbo ohun tó kù nínú ìtọ́sọ́nà yìí, àbẹ̀wò lásán ni.

N'Íbàdàn, ibi mẹ́rin ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Àkọ́kọ́ ni Legal Aid Council, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ láti gbẹjọ́ àwọn tí kò lówó rò. Èkejì ni kílíníìkì òfin ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ. Yunifásítì Ìbàdàn ní Women's Law Clinic tó wà fún àwọn obìnrin tí kò rí owó lọ́yà san, Lead City náà sì ń kọ́ni ní òfin. Ẹ̀kẹta ni ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò, NBA, ẹ̀ka Ìbàdàn. Ẹ̀kẹrin ni àwọn àgùnbánirọ̀ tó jẹ́ lọ́yà, tí wọ́n ń fi ọjọ́ CDS wọn (ọjọ́ iṣẹ́ ìlú) ṣe ìrànwọ́ òfin.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* wọ́n á gbé gbogbo iṣẹ́ lé àgùnbánirọ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́. Ọdún kan ni tirẹ̀. Tó bá ti parí ìsìnrú ìlú, ó ti lọ nìyẹn, ẹjọ́ ò sì tíì dé ibì kan.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* ṣé o lè dárúkọ lọ́yà kan, kí o sì sọ ọjọ́ tí yóò gba fáìlì lọ́wọ́ rẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Bí o kò bá lè sọ ọ́, dúró ná.

Ìpele 2: Wọlé sí Agodi

Fi lẹ́tà ránṣẹ́ ṣáájú, kí o sì lọ gba èsì. Má gbé e dání wá lọ́jọ́ tí o fẹ́ wọlé. Tí wọ́n bá fún ọ láyè, àárọ̀ kùtù ni kí o dé. Kí gbogbo wọ́dà tí o bá bá pàdé bí o ṣe máa kí bàbá ọ̀rẹ́ rẹ. Wọ́n mọ ẹni tó ti pẹ́ jù níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ wò rí, ìwọ ò mọ̀ ọ́n. Béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ènìyàn mẹ́rin ni kí o rí lọ́jọ́ kan. Ẹni tí o bá rí kọjá mẹ́rin, o kàn kí i ni.

Má gba lẹ́tà, owó tàbí iṣẹ́ kankan wọlé tàbí jáde, bí ó ti wù kí ẹ̀bẹ̀ náà dun ni tó. Ọjọ́ tí wọ́n bá ká nǹkan mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́wọ́, gbogbo yín ni wọn ò ní gbà wọlé mọ́.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* o ti ní orúkọ ènìyàn mẹ́rin, yàrá tàbí ìjókòó tí etí kejì ò ti ní gbọ́ yín, àti wákàtí tó o máa jáde.

Ìpele 3: Gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀

Ibí ni iṣẹ́ wà, ibí náà la sì ti ń bà á jẹ́ jù.

Kọ́kọ́ kí i. "Ẹ kú ìrọ́jú" tó. Bí ó bá ju ọ́ lọ, "ẹ" ni, Bàbá tàbí Ìyá ni. Wíwà lẹ́wọ̀n ò sọ àgbà di ọmọdé. Sọ ẹni tí o jẹ́ fún un láì fi bò: "Akẹ́kọ̀ọ́ ni wá, a kì í ṣe lọ́yà. Lọ́yà kan ló rán wa. Ohun tí ẹ bá sọ, òun nìkan la máa sọ ọ́ fún. A ò gbowó, a ò sì lè ṣèlérí pé ẹ máa jáde." Sọ gbolóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, kódà bó tilẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọ lẹ́nu.

Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Kí lẹ ṣe?" Ìbéèrè ọlọ́pàá nìyẹn, ọlọ́pàá sì ti bi í tán. Ọjọ́ ni kí o bá bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ wo ni wọ́n mú yín, níbo, ta ló wà níbẹ̀, tésàn wo ni wọ́n gbé yín lọ, ọjọ́ wo lẹ kọ́kọ́ dé kóòtù.

Yóò ní òun ò rántí ọjọ́. Kàlẹ́ńdà dà? Mú un jáde. Ènìyàn kì í rántí déètì, ṣùgbọ́n ó ń rántí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣé kí nǹkan tó bú gbàmù ní Bódìjà ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀? 16 Oṣù Kìíní 2024 nìyẹn, alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ṣé ìgbà tí náírà wọ́n tí gbogbo ènìyàn ń tò sí báńkì ni? Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ṣé wọ́n ti jẹ Olúbàdàn Ọlákùlẹ́hìn? 12 Oṣù Keje 2024. Ládọjà ńkọ́? 26 Oṣù Kẹsàn-án 2025. Ọdún Òkèbàdàn, Iléyá, ọjọ́ tí ìyàwó bímọ, gbogbo wọn ló wúlò. Mo ti rí bàbá kan tó ní "ó ti pẹ́" fún odidi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tó wá rántí pé ìlù egúngún ń lọ lójú pópó nígbà tí wọ́n ń jù ú sínú ọkọ̀. Láti ibẹ̀ la ti rí ọ̀sẹ̀ náà gan-an.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọjọ́ ni pé abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ń ka ọjọ́. Bí kóòtù tó tọ́ sí ẹjọ́ náà bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú ènìyàn, ọjọ́ kan péré ni ọlọ́pàá ní láti gbé e débẹ̀. Nínú ìlú Ìbàdàn, a ò lè sọ pé kóòtù jìnnà. Ẹni tó bá sì ti lo oṣù 2 ní àtìmọ́lé láìgbẹ́jọ́ rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n tú u sílẹ̀, yálà pẹ̀lú àdéhùn tàbí láìsí, kó máa ti ilé wá jẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ oṣù 2 yìí yọ ẹni tí wọ́n fura sí pé ó ṣẹ̀ sí òfin tó ní ìjìyà ikú sílẹ̀, bíi ìpànìyàn àti ìdigunjalè. Nítorí náà, ẹni tó jí fóònù àti ẹni tí wọ́n ní ó fi ìbọn gba fóònù, ẹjọ́ wọn ò jọra rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì á sọ fún ọ pé "ọ̀rọ̀ fóònù ni."

Béèrè bóyá owó ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà: àjọ tí kò pé, gbèsè, ọjà àwìn. Béèrè bóyá òun gan-an ni wọ́n ń wá, àbí wọ́n mú un dípò ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ rẹ̀. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 lòdì sí mímú ènìyàn nítorí gbèsè lásán, ó sì lòdì sí mímú ẹnì kan rọ́pò ẹlòmíràn. Bí ìdáhùn bá jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni" sí èyíkéyìí, fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ orúkọ. Kọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé, orúkọ tí wọ́n ń pè é ládùúgbò, àti èyí tí wọ́n pè ní kóòtù. Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wá fáìlì ọmọkùnrin kan, orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ni mo gbé kiri. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ní gáráàjì ni ọlọ́pàá kọ, wọ́n tún wá kọ lẹ́tà rẹ̀ sódì. Rasaki, Rasaq, Razak: ènìyàn kan náà lè jẹ́ mẹ́ta nínú ìwé.

*Ọ̀fìn tó jìn jù: "mo jẹ̀bi."* Nílé wa, ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ níkùúnlẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ á dọ̀bálẹ̀ fún àgbà tó ń bínú, á ní "ẹ má bínú, mo jẹ̀bi", kódà bí kò bá ṣe nǹkan kan, kí ọ̀rọ̀ lè rọlẹ̀. Ọmọ kan náà ló wá dé iwájú májísíréètì, tí wọ́n ka ẹ̀sùn sí i létí, tó sì ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé. Ìdáríjì ló ń wá. Ìjẹ́wọ́ ni kóòtù kọ sílẹ̀. Nítorí náà, má bi í pé ṣé ó jẹ̀bi. Sọ pé: "Nígbà tí wọ́n ka ẹ̀sùn yín, kí lẹ sọ? Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́." Kọ ọ́ ní Yorùbá bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, má túmọ̀ rẹ̀. Bí o bá fura pé wọ́n ti dá a lẹ́bi láì yé e, lọ́yà gbọ́dọ̀ gbọ́ lọ́jọ́ náà, torí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní gbèdéke ọjọ́.

Béèrè nípa ìwé tó tẹ̀ka sí ní tésàn pẹ̀lú. Ta ló kọ ọ́? Ṣé wọ́n kà á fún un ní èdè tó gbọ́? Ṣé wọ́n lù ú? Bí ó bá jẹ́ Hausa tàbí Fúlàní tí Yorùbá rẹ̀ ò délẹ̀, má fi ẹlẹ́wọ̀n mìíràn ṣe ògbufọ̀. Padà wá pẹ̀lú ẹni tó gbọ́ èdè náà. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ògbufọ̀ ọ̀fẹ́ ní kóòtù, kò yẹ kó rí tìrẹ tó kéré sí i.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* ka ìtàn náà padà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí kò bá dá ọ dúró lẹ́ẹ̀kan pé "rárá o, kì í ṣe bẹ́ẹ̀", ó ṣeé ṣe kó ti rẹ̀ ẹ́ tàbí kó máa bẹ̀rù rẹ. Tún ibi tó ṣe pàtàkì béèrè.

Ìpele 4: Wá fáìlì

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ohun tó sọ, apá kan ni. Fáìlì ni apá kejì.

Ẹjọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ti kọ́kọ́ dé kóòtù májísíréètì, èyí tó wà ní Ìyágànkú ló sì máa ń pọ̀ jù nínú ìwé wa. Lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù pẹ̀lú lẹ́tà lọ́yà rẹ. Ohun márùn-ún ni kí o gbé kúrò níbẹ̀: nọ́ńbà ẹjọ́, ẹ̀sùn náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé kóòtù, ọjọ́ tí wọ́n sún un sí, àti ohun tí kóòtù sọ nípa béèlì.

Dúró lórí béèlì. Ẹni yẹn á ti sọ fún ọ pé wọn ò fún òun ní béèlì. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ti fún un. Onídùúró méjì ni wọ́n ní kó mú wá, kò rí ẹni kankan, ó wá dà bí ẹni pé wọn ò fún un. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn fún lọ́yà. Èkíní á ní kó lọ tọrọ béèlì tuntun, èkejì á ní kó bẹ kóòtù láti dín àdéhùn kù, tàbí kí o kàn wá ẹbí rẹ̀ rí.

Bí ẹ̀sùn bá ju agbára májísíréètì lọ, fáìlì á máa retí ìmọ̀ràn DPP (olórí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó ń pe ẹjọ́ ọ̀daràn) ní Mínísítírì Ìdájọ́, Sẹkitéríàtì ìjọba ìpínlẹ̀ ní Agodi. Ó lè wà níbẹ̀ kó pẹ́. Ó tún lè jẹ́ pé ọlọ́pàá ò tíì fi ránṣẹ́ rárá, tí Mínísítírì ò sì mọ̀ pé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wà láyé. Lọ́yà ni yóò kọ lẹ́tà láti béèrè. Ìwọ ni yóò gbé e lọ, tí wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà rẹ̀. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, o ò fún ẹnikẹ́ni.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* wọ́n á san "owó ọwọ́" kí fáìlì lè jáde. Owó tí kò bá ní rìsíìtì, má san án. Lọ jókòó. Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n bá rí ọ, ẹnì kan á dìde.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* ohun márùn-ún wà lọ́wọ́ rẹ, ojú rẹ lo sì fi rí i nínú ìwé, kì í ṣe pé ẹnì kan sọ ọ́.

Ìpele 5: Wá àwọn ènìyàn rẹ̀

Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ná, bóyá ó fẹ́ kí ẹbí mọ̀. Àwọn kan ti sọ nílé pé àwọn wà ní Èkó. Bí ó bá ní rárá, ó tán.

Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, àdírẹ́sì ò ní ràn ọ́ lọ́wọ́ ní Bẹẹrẹ tàbí Mápó. Agboolé ni kí o béèrè. Dé ibẹ̀, wá mọ́gàjí tàbí àgbà ilé, kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀, kí o ní ìyá lágbájá la ń wá. Má sọ ẹ̀sùn fún ẹnikẹ́ni lójúde. Mo mọ ilé kan tí ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ lẹ́nu ọ̀nà ti mú kí onílé lé ìyàwó ẹni náà jáde kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ohun tí o bá wá ni onídùúró tó mọ̀ ọ́n ní tòótọ́, tó ní ohun tí kóòtù béèrè. Sá fún àwọn tó ń rìn káàkiri ẹnu kóòtù tí wọ́n ń fi owó dúró fún ẹni tí wọn ò rí rí. Bí ẹni yẹn bá sá, ẹ̀yin lẹ wà nídìí irọ́.

Ẹbí náà lo máa fi ṣírò bóyá Legal Aid Council lè gbà á. Òfin Legal Aid ti 2011 sọ pé ẹni tí owó tó ń wọlé fún un ò ju owó oṣù tó kéré jù lọ ni yóò jẹ àǹfààní, 70,000 náírà ni iye náà láti ọdún 2024. Fún ẹni tó jù ú lọ, àfi kí ìgbìmọ̀ wọn ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ọ̀tọ̀. Ọlọ́kadà ò ní owó oṣù, nítorí náà má béèrè owó oṣù. Béèrè pé, "Lẹ́yìn owó epo àti owó ẹni tó ni ọ̀kadà, èló lẹ ń mú délé?" Bí ó bá ní 1,500 lóòjọ́, tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26, 39,000 ni. Kọ ìṣirò náà sílẹ̀, kí àwọn náà lè rí bí o ṣe débẹ̀.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* ó kéré tán ẹnì kan nínú ẹbí ti gbà láti wá sí kóòtù lọ́jọ́ tí wọ́n sún ẹjọ́ sí, nọ́ńbà rẹ̀ sì wọlé nígbà tí o pè é.

Ìpele 6: Ojú ìwé kan

Lọ́yà tó ní ẹjọ́ ogójì lọ́wọ́ kì í ka ojú ìwé méje. Ojú kan ni kí o kọ, kí gbogbo ohun yòókù wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí yóò ṣe rí nìyí, nínú ẹjọ́ tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ:

"Ọkùnrin, ọdún 24, ọlọ́kadà. Wọ́n mú un ní Ọjọ́ Ajé 15 Oṣù Kìíní 2024 (ọjọ́ tó ṣáájú ìbúgbàù Bódìjà, ó dá a lójú). Kóòtù 24 Oṣù Kìíní: ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ̀sùn: olè jíjà, fóònù kan, kò sí ohun ìjà nínú ìwé ẹ̀sùn. Ó ní òun sọ pé 'mi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀'. Wọ́n fún un ní béèlì, onídùúró méjì, ẹni kankan ò wá. A ti rí ìyá àti ẹ̀gbọ́n. Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún: kí kóòtù dín àdéhùn béèlì kù."

Gbolóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn làwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé. Lọ́yà fẹ́ mọ ohun tí o fẹ́ kó ṣe. Bí o bá ṣì í, á tún un ṣe, ṣùgbọ́n má fi àyè náà sílẹ̀ lófo. Ohun tí o rí nínú ìwé àti ohun tí ẹni náà sọ lẹ́nu, jẹ́ kí ìyàtọ̀ wọn hàn.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá yín lọ. Bí ó bá bi ọ́ ní ìbéèrè kan, ìdáhùn rẹ̀ ló yẹ kó wà nínú ojú ìwé náà.

Ìpele 7: Padà lọ

Lẹ́yìn ọjọ́ kóòtù, padà sí Agodi, kódà bí adájọ́ ò bá jókòó, kódà bí ó bá jẹ́ pé "wọ́n tún sún un" ni gbogbo ìròyìn tí o ní. Ẹni tó bá ti sọ ìtàn rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tí kò rí ìkankan mọ́, kò ní bá ẹ̀kẹrin sọ òótọ́.

Fáìlì gbọ́dọ̀ ní ẹni méjì tó mọ ibi tó dé. Ìdánwò ń bọ̀, o máa gboyè, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, sì lè daṣẹ́ sílẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì ti 2022 gba oṣù mẹ́jọ, géètì yunifásítì wà ní títì, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n sún ẹjọ́ sí kò dúró de ẹnikẹ́ni. Kọ gbogbo ọjọ́ kóòtù sínú ìwé kan ṣoṣo tó wà lọ́fíìsì, kì í ṣe nínú fóònù rẹ. Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ lọ, mú ẹni tó máa gba iṣẹ́ náà dání lọ sí Agodi, kí o fi í han oníbàárà lójúkojú.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* pa fóònù rẹ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹnì kan bá wà ní kóòtù lọ́jọ́ tó yẹ, fáìlì náà ti wà lọ́wọ́ tó dára.